Òkúta wo ló lè dá etí odò yìí dúró?

Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin ará. Odò kékeré kan ń ṣàn lẹ́yìn ilé wa n'Ìkòròdú lọ sínú ọ̀sà. Bí òjò bá ti rọ̀, ńṣe ló ń bu etí ilẹ̀ jẹ. Gbòǹgbò igi àgbọn ti yọ síta, ìpìlẹ̀ fẹ́ǹsì sì ti ń hàn. Àpò iyanrìn tí a tò síbẹ̀ ti ya.

A fẹ́ ra òkúta ńláńlá láti ibi tí wọ́n ti ń fọ́ òkúta lápá Abẹ́òkúta. Bíríkìlà wa ní ká kàn da gíráníìtì wẹ́wẹ́ tí wọ́n fi ń po kọnkéré síbẹ̀. Ẹ gbà mí o! Àgbàrá tó gbé àpò iyanrìn, ṣé gíráníìtì wẹ́wẹ́ ni yóò wá dá a dúró? Mo mọ̀ pé òkúta onígun máa ń há mọ́ra ju roboto lọ, àti pé wọ́n máa ń tẹ́ aṣọ asẹ́ sábẹ́ rẹ̀ kí omi má baà fa iyanrìn jáde.

Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ti ṣe é rí, ṣé ká tò ó kó dagẹ̀rẹ́ ni, àbí ká kó o sínú àpótí wáyà? Báwo la ṣe máa gbẹ́ ìdí rẹ̀ jìn tó kó má baà yọ̀ wọ odò? Mo tún ń ro ti Bàbá tí ilé wọn wà nísàlẹ̀ odò: bí omi ò bá rí tiwa jẹ mọ́, ṣé kò ní kọjú sí ilẹ̀ tiwọn?