Ọmọ mi kò jẹun alẹ́ mọ́ nítorí pé wọ́n ń pè é ní Òròbó

Màmá Ìbejì, Ọbà-Ilé: Ẹ kú ilé o. Ọmọbìnrin mi, ẹni ọdún 14, kò fẹnu kan oúnjẹ alẹ́ mọ́ láti ìgbà tí àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ ní kíláàsì ti ń pè é ní Òròbó, àná ni mo sì rí páálí tíì kan lábẹ́ ìrọ̀rí rẹ̀, tí wọ́n kọ sí i lára pé ó ń fa ikùn wọlé. Ta ni irú rẹ̀ ti ṣẹlẹ̀ sí rí?

Ọmọ Òkè-Àró: Ẹ kọ́kọ́ da tíì yẹn nù.

Àǹtí Nọ́ọ̀sì: Ewé senna ló wà nínú ọ̀pọ̀ irú tíì bẹ́ẹ̀. Ìgbẹ́ ló ń mú kí èèyàn yà léraléra, omi ara ló sì ń bá a lọ, kì í ṣe ọ̀rá, ìdí nìyẹn tí ara fi máa ń padà sí bó ṣe wà. Àti pé ọmọbìnrin tí ọmú ń yọ, tí ìbàdí ń fẹ̀, kò lè ṣe kó má wúwo sí i. Ẹ má fi òṣùwọ̀n BMI tàgbàlagbà, èyí tó ń fi ìwúwo ara wé gíga, tó ní ẹni tó bá dé 25 ti sanra jù, ẹni tó bá sì dé 30 ti sanra rékọjá, wọ̀n ọ́n, nítorí pé àtẹ tàwọn ọmọ tí kò tíì ju ọdún 19 lọ yàtọ̀. Ọjọ́ orí ni wọ́n fi ń kà á, àti bóyá ọkùnrin ni tàbí obìnrin.

Lẹ́pa Ìjàpọ̀: Òròbó ṣì sàn. Pánla ni wọ́n ń pe èmi. Ìyá mi àgbà ní Oǹdó a máa bi mí níwájú àlejò bóyá àìsàn kan wà tí mo ń fi pamọ́. Nígbà tí mo pé ọdún 16, mo lọ ra oògùn ìsanra tó ní cyproheptadine nínú. Mo sanra lóòótọ́, ṣùgbọ́n oorun ni mo ń sùn ní kíláàsì, nígbà tí mo sì jáwọ́, mo tún rù padà.

Àǹtí Nọ́ọ̀sì: Oògùn ara yíyún ni, àbúrò mi! Ebi àti oorun kàn ń bá a rìn ni.

Bàbá Olóko: Ẹ̀ ń sọ ọ̀rọ̀ di ńlá. Láyé tiwa, ẹni tó bá rù là ń káàánú. Iyán la jẹ dàgbà, kò sì sẹ́ni tó gbé wa sórí òṣùwọ̀n.

Ọmọ Ìdànrè: Ẹ má bínú, Bàbá, ẹsẹ̀ lẹ fi ń lọ oko kòkó nígbà náà. Ọ̀kadà ló ń gbé ọmọ ìwòyí dé ẹnu géètì, ọtí ẹlẹ́rìndòdò tí ṣúgà inú ìgò rẹ̀ kan lè tó gíráàmù 50 ló sì fi ń jẹ búrẹ́dì. Àjọ Ìlera Àgbáyé ní kí ọmọ ọdún 5 sí 17 máa fi ìṣẹ́jú 60 ṣeré tó gba agbára lójúmọ́. Èmi àti ọmọ mi gun àtẹ̀gùn Òkè Ìdànrè, tó lé ní 600. Èmi ni mo kọ́kọ́ jókòó.

Bàbá Olóko: Ṣé iyán lẹ wá fẹ́ di ẹ̀bi rù báyìí?

Lẹ́pa Ìjàpọ̀: Bàbá, ẹ̀yin nìkan lẹ dárúkọ iyán.

Màmá Ìbejì, Ọbà-Ilé: Mo ti da tíì náà nù. Mo bi ọmọ náà léèrè ẹni tó kọ́kọ́ pè é ní Òròbó. Ó dákẹ́ títí, ó wá ní èmi ni, lọ́jọ́ ìgbéyàwó àbúrò mi, nígbà tí aṣọ ẹbí há a lára. Mo rántí pé gbogbo wa la rẹ́rìn-ín.

Ọmọ Òkè-Àró: Háà.

Bàbá Olóko: Ẹ bẹ̀ ẹ́, Màmá. Kí ẹ sì gún iyán fún un.