Epo ìsọdọ̀tun ni àbí ohun ìdáná àtúnhù?

Ẹ̀yin àgbà àti ẹlẹgbẹ́ mi nínú iṣẹ́ èdè, mo kí yín. Ní ọ̀sẹ̀ tó kọjá, ọ̀kan nínú wa béèrè bí a ṣe lè túmọ̀ ìkéde iṣẹ́ kan tí yunifásítì kan ní òkè òkun gbé jáde. Olùwádìí ni wọ́n ń wá, ẹni tí yóò máa fi òróró àlòkù àti pàǹtí igi ṣe ohun tí ẹ̀rọ lè jó. Àdéhùn ọdún 2 ni, wọ́n sì lè sọ ọ́ dọ̀tun bí ó bá parí. Ìtumọ̀ tí ọ̀pọ̀ yín fọwọ́ sí ni "ipò ìwádìí lórí ìpèsè epo ìsọdọ̀tun". Ọ̀rọ̀ Gẹ̀ẹ́sì kan ṣoṣo, "renewable", ni ìkéde náà lò fún àdéhùn àti fún epo, ẹ̀yin náà sì fi ọ̀rọ̀ Yorùbá kan ṣoṣo dá méjèèjì lóhùn. Ibẹ̀ ni mo fẹ́ takò yín sí.

Ìyá kan wà ládùúgbò wa ní Bàrígà tí ó ń dín àkàrà ní ìrọ̀lẹ́, ọmọ rẹ̀ obìnrin sì ń múra láti kọ̀wé béèrè fún irú iṣẹ́ yìí gan-an. Ọmọ náà ní kí n bá òun ka ìkéde náà sí ìyá òun létí ní Yorùbá, kí wọ́n lè mọ ohun tí òun fẹ́ lọ ṣe. Mo kà á bí ẹ ṣe túmọ̀ rẹ̀. Màmá wo òróró tó ti dúdú nínú agbada, wọ́n ní: "Tíṣà, ṣé wọ́n á sọ òróró yìí di tuntun kí n tún fi dín òmíràn ni?" Òye kò ṣaláìtó wọn o, ohun tí ọ̀rọ̀ wa wí ni wọ́n gbọ́. Ohun tó gbó tí a mú padà sí bí ó ti wà ni Yorùbá ń sọ dọ̀tun: ilé tí a tún kùn, ìwé ìwakọ̀ tí ọjọ́ rẹ̀ ti kọjá, ẹ̀jẹ́, àdéhùn iṣẹ́.

Òróró àkàrà kò rí bẹ́ẹ̀. Bí wọ́n bá ti sẹ́ ẹ, tí wọ́n sì ti yan omi ara rẹ̀ gbẹ, wọ́n á po sódà tí a fi ń ṣe ọṣẹ mọ́ mẹ́tánọ́ọ̀lù, tí í ṣe irú ọtí kan tí ènìyàn kì í mu, wọ́n á dà á sínú òróró náà, wọ́n á sì máa rò ó nínú ooru tó tó nǹkan bí ìwọ̀n 60 Celsius, nítorí pé bí ó bá tó 65, mẹ́tánọ́ọ̀lù á hó lọ. Bí wọ́n bá gbé e kalẹ̀, gílísẹ́rìn, omi kíki tó wúwo tí ó yà kúrò lára òróró náà, á rì sísàlẹ̀, ohun tí ẹ̀rọ dísù lè lò á sì léfòó. Àwọn ìyá wa tí ń fi àdín àti omi eérú se ọṣẹ dúdú mọ ẹ̀gbọ́n iṣẹ́ yìí dáadáa. Kódà, bí omi bá ṣẹ́kù nínú òróró àlòkù náà, ọṣẹ ni yóò bẹ̀rẹ̀ sí í dà. Níbo wá ni ìsọdọ̀tun wà? Òróró ti di nǹkan mìíràn, bí ẹ̀rọ bá sì jó o tán, ó lọ nìyẹn. Ẹ̀pà àti ọ̀pẹ tí òróró náà ti wá ni ó ń tún hù.

Ìdí nìyí tí mo fi dá "àtúnhù" lábàá. A ti ní àtúnbí, a ti ní àtúnwá, etí kò ní kọ èyí náà. Àwọn kan nínú yín ní "àìtán" ló dára jù. Mo fara mọ́ ọn fún oòrùn àti afẹ́fẹ́, ṣùgbọ́n ẹ rántí Òkóbàbá ní Ẹ̀bútẹ́ Mẹ́ta, níbi tí wọ́n ti ń la pákó fún ọ̀pọ̀ ọdún, bí gẹdú ṣe máa ń léfòó lórí ọ̀sà, tí ayùn sì máa ń tú lẹ́búlẹ́bú pákó jáde. Pàǹtí igi tí ìkéde náà ń wí nìyẹn. Igi ń tún hù lóòótọ́, ó sì ń tán bí a bá ń gé e ju bí ó ti ń hù lọ. "Àìtán" yóò tàn wá jẹ níbẹ̀, nígbà tí "àtúnhù" ń béèrè pé kí ẹnìkan gbìn ín.

Ní ti "epo", ó dín kù. Gáàsì tí ìgbẹ́ màlúù ń mú jáde nínú àgbá tí afẹ́fẹ́ kò wọ̀ kì í ṣe epo. Ọtí ìrèké tí ìjọba Bràsíl ti ń ti lẹ́yìn fún ọkọ̀ láti 1975, àbúrò ògógóró ni. Dísù pàápàá, orúkọ ènìyàn ni, Rudolf Diesel ará Jámánì, òróró ẹ̀pà sì ni wọ́n fi tan irú ẹ̀rọ rẹ̀ kan níbi ìpàtẹ ńlá ní Paris ní 1900. "Ohun ìdáná" gba gbogbo wọn. Ẹni tó ń bẹ̀rù pé a ó ṣì í gbọ́ fún ìdána ìyàwó, àmì ohùn ti yanjú ìyẹn, bí a kò bá ti kọ̀ láti fi í sí. "Ipò" ní tirẹ̀, ẹ jẹ́ kí a fi í sílẹ̀ fún olóyè. Àyè iṣẹ́ ni ará Èkó ń sọ pé ó ṣí sílẹ̀.

Ohun tí mo padà kà fún Màmá nìyí: "Àyè iṣẹ́ ìwádìí lórí bí a ṣe ń ṣe ohun ìdáná àtúnhù, àdéhùn ọdún 2 ni, wọ́n sì lè sọ ọ́ dọ̀tun." Òróró ni wọ́n ń sẹ́ sínú kẹ́ẹ̀gì lọ́wọ́. Wọ́n ní, "Ta ni yóò máa gbin ẹ̀pà náà?" Ọmọ wọn sì jókòó tì wọ́n, ó ń ṣàlàyé.

Gílísẹ́rìn ni mi ò tíì rí orúkọ fún. "Omi ọṣẹ" ni ọmọ náà pè é, kò sì tẹ́ mi lọ́rùn, torí pé ó nípọn, ó sì dùn lẹ́nu. Kí ẹni tó bá ní orúkọ tó sàn jù mú un wá.