Ìdáhùn: Ta ló ní ká máa pe ọjọ́ alẹ́ ní «ìkógbàsílé»?

Ẹ̀yin ará, mo kí gbogbo yín o. Ọ̀rọ̀ yìí ti ń dùn mí látọjọ́ tí bọ̀dá wa ní Gwarinpa ti fi ìwé pélébé yẹn ránṣẹ́ sí wa. Fún ẹni tí ò bá tíì kà á, wọ́n fẹ́ pín in fáwọn òṣìṣẹ́fẹ̀yìntì Yorùbá ní Àbújá níbí, ó ń ṣàlàyé ohun táwọn onísáíkọ́lọ́jì ti wádìí nípa ogbó, nípa ohun tó ń mú kí ayé ṣì wu àgbàlagbà gbé, nípa ìbàlẹ̀ ọkàn wọn. Iṣẹ́ ńlá ni, mo kí wọn, mo tún wọn kí. Ṣùgbọ́n kò síbi tí wọ́n ti dárúkọ ìgbà àgbà níbẹ̀ tí wọn ò kọ «ìkógbàsílé» sí. Ẹ wo iwájú ìwé ọ̀hún fúnra ẹ̀: «Ìwàdáadáa Nígbà Ìkógbàsílé». Ẹ jọ̀ọ́, ṣé ọ̀rọ̀ tí èèyàn ń gbé fún bàbá ẹ̀ nìyẹn?

Nígbà tí ẹnì kan bi wọ́n, wọ́n ní kó àti ìgbà ló para pọ̀, pé èèyàn ń kó ìgbà ayé ẹ̀ jọ. Rárá o. Igbá ni, igbá ọlọ́jà. Ìyá tó ti tajà tán, tó ń to igbá léra tó sì ń gbé e relé, òun ló kógbá sílé. Ẹ pè é jáde kẹ́ ẹ gbọ́ ọ: kógbá. Ohùn òkè. Bó bá jẹ́ ìgbà ni, ohùn ìsàlẹ̀ là bá máa gbọ́ lórí gbà yẹn, ta lẹ sì gbọ́ rí tó pè é bẹ́ẹ̀? Èèyàn ò lè torí pé òun fẹ́ ṣẹ̀dá ọ̀rọ̀ kó wá fọwọ́ ara ẹ̀ fa ohùn wálẹ̀. Lórí rédíò, bí ilé iṣẹ́ kan bá jẹ gbèsè títí tí wọ́n fi tì í pa, wọ́n á ní ó ti kógbá sílé, kò sẹ́ni tí ò mọ̀ ọ́n. Ẹni tó fi ọdún 35 ṣiṣẹ́ ìjọba, ohun tó máa kọ́kọ́ wọ̀ ọ́ létí nìyẹn.

Àǹtí wa ní Jos wá ti bọ̀dá lẹ́yìn pé ṣebí àwọn àgbà ló ní ayé lọjà, ọ̀run nilé, pé ẹni tó dàgbà ti ń múra àtirelé. Àwọn àgbà ò ṣì í sọ, àmọ́ ibo ni wọ́n ti ní ọjà àárọ̀ nìkan ló wà? Nílé wa, ọjà alẹ́ lọjà. Fìtílà á tò lọ bẹẹrẹ, ẹlẹ́kọ ń kiri, alákàrà ń dín, ẹni tí ò ráyè lọ́sàn-án ń bọ̀ wá ra tiẹ̀. Alẹ́ náà la sì fi ń pe ìgbà àgbà kí wọ́n tó bí gbogbo wa. A máa ń ní ọmọ ló máa tọ́jú wa lọ́jọ́ alẹ́. A máa ń ní kí alẹ́ wa ó sàn ju òwúrọ̀ lọ. Ọ̀rọ̀ wà ńlẹ̀, ó dùn, ọmọdé gbọ́ ọ, a wá ń ṣẹ̀dá òmíì.

Èyí tó bí mi nínú jù ni pé bọ̀dá ní àwa tí wọ́n bí sókè Ọya, Yorùbá wa ò jinlẹ̀ tó ẹni tó máa dá wọn lẹ́kun. Kàdúná ni wọ́n bí mi sí lóòótọ́. Ẹ jẹ́ kí n sọ fún yín, àwọn àgbà tó tọ́ wa dàgbà níbẹ̀ kì í fọ̀rọ̀ ṣeré, nítorí wọ́n mọ̀ pé báwọn bá jẹ́ kó bọ́, Hausa ló máa gbọmọ lọ. Tó o bá kí àgbà lọ́sàn-án pé ẹ káàárọ̀, wàá tún un kí dáadáa kó o tó jókòó. Ẹni tí wọ́n bí sí Ìbàdàn ò rí irú ìṣọ́ yẹn, torí kò sóhun tó ń lé èdè lọ lọ́dọ̀ tiẹ̀.

Ó dáa, ẹ jẹ́ ká padà síbi ọ̀rọ̀. Inú ìwé bọ̀dá gan-an lohun tó tako ọ̀rọ̀ wọn wà. Àwọn fúnra wọn ló kọ ọ́ síbẹ̀ pé ní 2002, Becca Levy, onísáíkọ́lọ́jì ní Yunifásítì Yale ní Amẹ́ríkà, gbé ìwádìí kan jáde lórí àwọn èèyàn 660 ní ìpínlẹ̀ Ohio níbẹ̀, ẹni 50 ọdún sókè ni gbogbo wọn. Wọ́n ti bi wọ́n tipẹ́ nípa ojú tí wọ́n fi ń wo ogbó ara wọn. Àwọn tó fojú tó dáa wò ó fi bí ọdún méje ààbọ̀ pẹ́ láyé ju àwọn tó fojú burúkú wò ó, wọ́n sì ti ro ti ìlera ara, owó àti ìdánìkanwà mọ́ ọn. Bí ojú téèyàn fi ń wo ogbó bá lágbára tó yẹn, orúkọ tá a fi ń pè é ń kọ́?

Wọ́n tún gbára lé Carol Ryff, onísáíkọ́lọ́jì ará Amẹ́ríkà. Òótọ́ ni pé Ryff, ní 1989, pín àlàáfíà ọkàn sí mẹ́fà, àtigba ara ẹni bó ṣe wà, àjọṣe pẹ̀lú èèyàn, dídá ìpinnu ṣe, kíkápá àyíká ẹni, níní ohun tá à ń lé láyé, àti kéèyàn ṣì máa dàgbà sí i nínú. Òótọ́ tún ni pé àwọn tó ti dàgbà ò ní méjì tó kẹ́yìn yìí tó àwọn tó kéré sí wọn. Bọ̀dá ní ṣé ẹ rí i, wọ́n ń kógbá nìyẹn. Ṣùgbọ́n wọ́n fo ti kíkápá àyíká, èyí tó ń ga sí i! Bí ohun tá à ń lé bá sì dín kù, ṣé kì í ṣe pé a gbà á lọ́wọ́ wọn ni? Ẹ sọ fẹ́nì kan tó pé 60 pé kó má wá sí ọ́fíìsì mọ́ lọ́jọ́ Monday, ẹ ò fún un ní nǹkan míì ṣe, kí lẹ retí? Ní Chicago, Patricia Boyle àtàwọn ẹlẹgbẹ́ ẹ̀ tẹ̀ lé àwọn arúgbó tó ju 900 lọ, ìwádìí yẹn jáde ní 2010, àwọn tó ní ohun tí wọ́n ń lé níbẹ̀ ni àrùn Alzheimer, tó ń mú kí arúgbó máa gbàgbé nǹkan, ò tètè mú.

Màmá kan wà ní ọjà Kubwa tí mo máa ń ra irú lọ́wọ́ wọn. Nígbà kan, ata, tòmátì, àlùbọ́sà, epo, kò sóhun tí wọn kì í tà. Eékún ń dùn wọ́n báyìí, ojú náà ò ríran dáadáa mọ́, wọ́n pa gbogbo ẹ̀ tì, irú nìkan ló kù. Irú yẹn nìkan náà ni wọ́n gbájú mọ́. Bí wọ́n bá gbé e dé látìgbèríko, wọ́n á tú ọ̀rá, wọ́n á gbé e sún mọ́ imú, wọ́n á fìka méjì tẹ ẹyọ kan, wọ́n á sì sọ fẹ́ni tó gbé e wá, ní Hausa, pé èyí ò jinná dénú. Ojú ò ṣe é mọ́, imú àti ìka ń ṣe é. Ohun tí Paul Baltes àti Margret ìyàwó ẹ̀, àwọn onísáíkọ́lọ́jì ará Jámánì, kọ ní 1990 gan-an nìyẹn: kéèyàn mú díẹ̀, kó fọwọ́ gidi mú un, kó wá ọ̀nà míì gba ibi tágbára ti dín. Rubinstein tó ń tẹ dùùrù ni wọ́n fi ṣàpẹẹrẹ. Lẹ́ni 80 ọdún, orin díẹ̀ ló ń tẹ̀, ó ń fi wọ́n dánra wò sí i, ó sì máa ń rọra kó tó débi tó yá, kí ibẹ̀ lè dà bíi pé ó yá ju ti tẹ́lẹ̀ lọ. Èwo ló kógbá sílé nínú wọn?

Bọ̀dá ní àwọn ò fẹ́ «ogbó» torí aṣọ ń gbó. Àgbàdo náà ń gbó! Bó bá gbó là ń ká a. Ọjọ́ ìkómọ, à ń ní wàá gbó, wàá tọ́, gbogbo ilé á ṣe àmín. Ẹ lọ sọ fún ìyá ìkókó pé ọmọ ẹ̀ á kógbá sílé, kẹ́ ẹ wo ojú tó máa fi wò yín.

Ti «ìwàdáadáa» tí wọ́n fi túmọ̀ well-being, èmi ò fara mọ́ ọn. Àlàáfíà ni kí wọ́n kọ. Ẹni tó bá ní ọ̀rọ̀ Lárúbáwá ni, pé kò gbọdọ̀ wọlé, kó kọ́kọ́ sọ fún wa bó ṣe máa kí ará ilé ẹ̀ láàárọ̀ láìpè é. Bí Hausa náà bá ń sọ lafiya, kí ló kàn wá níbẹ̀? Ìjà yẹn ò ní tán lónìí, mo mọ̀.

Ọ̀sẹ̀ tó ń bọ̀ ni wọ́n ní ìwé náà ń lọ sọ́dọ̀ atẹ̀wé. Bọ̀dá, mo fi orí àwọn òbí wa bẹ̀ yín, ẹ yí iwájú ìwé yẹn sí «Àlàáfíà Lọ́jọ́ Alẹ́». Inú ìwé ńkọ́, ẹ kọ ogbó, tàbí ọjọ́ alẹ́, èyí tó bá wọ gbólóhùn. Tẹ́ ò bá sì fẹ́ yí i, ẹ jẹ́ káwọn tó lé ní 70 láàárín wa kọ tiwọn síbí kó tó dọjọ́ náà, torí àwọn la fẹ́ fi orúkọ náà pè.