Ẹ gbà mí o, ìtàn tí mò ń kọ ti há sí kóòtù

Ọmọ Adó: Ẹ kú alẹ́ o ẹ̀yin ará ilé. Mo fẹ́ gba ìmọ̀ràn. Ìtàn kan ni mò ń kọ láti bí oṣù mẹ́ta, àròsọ ni o. Wọ́n bá òkú olówó kan nínú ṣọ́ọ̀bù ẹ̀ ní Òjà Ọba l'Adó, ọlọ́pàá wá lọ gbé ọmọkùnrin kan tó jẹ ẹ́ lówó. Lọ́yà tó ń bá ọmọkùnrin yìí rojọ́, obìnrin ni, òun ni olólùfẹ́ ẹ̀ ní kọ̀rọ̀, torí àwọn òbí ẹ̀ ti gba ìdána lọ́wọ́ ẹlòmíì. Alẹ́ tí wọ́n pa olówó yẹn àwọn méjèèjì wà ní Ìkọ̀gọ̀sì, níbi tí omi gbígbóná àti omi tútù ti ń pàdé (mo mọ̀, gbogbo wa là ń gbé olólùfẹ́ lọ síbẹ̀, ẹ fi mí sílẹ̀). Mo ti dé ojú ìwé 140. Mo wá fẹ́ kí lọ́yà yẹn dìde lójú gbogbo kóòtù kó pariwo pé "èmi ni mo wà pẹ̀lú ẹ̀ lálẹ́ ọjọ́ yẹn!", kí adájọ́ fi òòlù lu tábìlì, káwọn èèyàn 12 tó jókòó lẹ́gbẹ̀ẹ́ ní kò jẹ̀bi. Àbúrò mi kà á ó ní irọ́ ni. Ṣé irọ́ ni?

Lọ́yà Ìkẹ́rẹ́: Ẹ kú ùṣẹ́ o. Irọ́ ni jàre, fíìmù òyìnbó lẹ wò jù. Kò sí èèyàn 12 kankan ní kóòtù wa, adájọ́ nìkan ló ń gbọ́ ẹjọ́ tó sì ń dá a, kò sì ní òòlù lọ́wọ́. Ẹjọ́ ìpànìyàn, ọlọ́pàá á kọ́kọ́ gbé e lọ sí májísíréètì kí wọ́n lè tì í mọ́lé, a kì í wọ wíìgì àti gáùn níbẹ̀ o, lẹ́yìn náà ni fáìlì á lọ sọ́dọ̀ DPP, ìyẹn ọ̀gá àwọn lọ́yà ìjọba tó ń pe ẹjọ́ ọ̀daràn, kó tó dé Háì Kóòtù. Tí adájọ́ yín bá sì jẹ́ obìnrin, "My Lord" náà la ó máa pè é.

Ìyá Ìbejì: Èmi ò mọ òfin o, àmọ́ ọkùnrin wo ló máa jókòó sí sẹ́ẹ̀lì tí ò ní dárúkọ obìnrin tó lè gbà á sílẹ̀? Ẹ júwe ilé ẹ̀ fún mi kí n fi ọmọ mi fún un 😂

Ọmọ Adó: Ìyá Ìbejì, ohun tó ń dà mí láàmú gan-an nìyẹn, mo ti ń wá bí mo ṣe máa fi bò ó.

Lọ́yà Ìkẹ́rẹ́: Ẹ má bò ó rárá, ibẹ̀ lọ̀ràn wà! Ẹni tó bá ní òun ò sí níbẹ̀, lọ́dọ̀ ọlọ́pàá ló ti gbọ́dọ̀ tètè sọ ọ́ nínú sítétímẹ́ǹtì ẹ̀, ibi tó wà, ẹni tí wọ́n jọ wà, kí ọlọ́pàá lè lọ wádìí. Tó bá di àárín ẹjọ́ kó tó sọ, adájọ́ ò ní fi bẹ́ẹ̀ kà á sí. Ọmọ yẹn dákẹ́ kí orúkọ obìnrin má bàa bàjẹ́, ìdákẹ́ yẹn ló wá fẹ́ pa á. Obìnrin náà ńkọ́? Lọ́yà tó mọ̀ pé òun máa jẹ́ ẹlẹ́rìí nínú ẹjọ́ kan ò gbọdọ̀ gba ẹjọ́ ọ̀hún, òfin iṣẹ́ wa nìyẹn. Ó mọ̀ láti ọjọ́ kìíní, ó gbà á. Kí ló dé? Ẹ lọ kọ ìyẹn.

Akẹ́kọ̀ọ́ Òfin: Ẹ jọ̀ọ́ tẹ́ ẹ bá fẹ́ lo ọ̀rọ̀ táwọn méjèèjì jọ sọ lórí WhatsApp, ẹ má kàn tẹ̀ ẹ́ síta kẹ́ ẹ gbé e fún adájọ́, section 84 Evidence Act 2011, òfin tó wà fún ẹ̀rí ní kóòtù, ní ìwé ẹ̀rí (certificate) kan gbọ́dọ̀ tẹ̀ lé e.

Ìyá Ìbejì: Ọkọ àfẹ́sọ́nà yẹn ńkọ́? Ibo lòun wà lálẹ́ ọjọ́ náà? Mi ò fọkàn tán an.

Ọmọ Adó: Haaa! Ìyá Ìbejì ẹ ti rí i, òun náà ni 😭 ẹ má sọ fáwọn tó kù. Ó dáa, mo máa ya ojú ìwé 60 dànù. Ìbéèrè kan ló kù: ìwé tí wọ́n ń kọ orúkọ sí lẹ́nu géètì ní Ìkọ̀gọ̀sì, orúkọ èké ni wọ́n kọ síbẹ̀. Ṣé ó wúlò?

Lọ́yà Ìkẹ́rẹ́: Ta ló fọwọ́ kọ ọ́?

Ọmọ Adó: Lọ́yà náà ni.

Lọ́yà Ìkẹ́rẹ́: Adájọ́ fúnra ẹ̀ lè gbé ìwé yẹn kó fi wé ọwọ́ ìkọ̀wé ẹ̀. Ẹ wá epo sí jẹnẹrétọ̀, ẹ ò ní sùn lálẹ́ òní.