Ẹ gbà mí nímọ̀ràn: láptọ́ọ̀pù wo ni kí n rà fún iṣẹ́ áàpù Android?

Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin ẹ̀gbọ́n. Ìbàdàn ni mo wà, mò ń kọ́ bí wọ́n ṣe ń ṣe áàpù Android. 4GB ni RAM (ibi tí kọ̀ǹpútà ń kó iṣẹ́ tó ń ṣe lọ́wọ́ sí) láptọ́ọ̀pù mi, hard disk àtijọ́ ló sì wà nínú rẹ̀. Bí mo bá ti ṣí Android Studio tí wọ́n fi ń kọ áàpù, gbogbo ẹ̀ á dì pa. Mo fẹ́ ra tòkunbọ̀ ní Computer Village, n'Íkẹjà. Ẹnìkan ní èyí tó ní processor (ọpọlọ kọ̀ǹpútà) Intel i7 nìkan ni kí n máa wá. Ṣé òótọ́ ni?

Èsì 1
Àbúrò, nọ́ńbà tó tẹ̀lé i7 yẹn ni kó o wò. Core (ẹ̀yà tó ń ṣe iṣẹ́ nínú processor) méjì péré ló wà nínú i7-7500U. I5-8250U tó jáde lẹ́yìn rẹ̀ ní mẹ́rin. Ìran kẹjọ (èyí tí nọ́ńbà rẹ̀ fi 8 bẹ̀rẹ̀, bí i 8250U) sókè ni kó o rà. Windows 11 kì í sábà gba èyí tó kéré sí i, Microsoft sì ti dáwọ́ àtìlẹ́yìn fún Windows 10 dúró ní oṣù kẹwàá 2025.

Èsì 2
RAM ló jà jù lójú tèmi. 16GB ni kó o fọkàn sí, torí Android Studio, emulator (fóònù àfarawé tó ń ṣiṣẹ́ lórí láptọ́ọ̀pù) àti Chrome tó ṣí pa pọ̀ máa jẹ 8GB tán. Àmọ́ béèrè bóyá RAM náà ṣeé pààrọ̀. Ti ThinkPad X1 Carbon, wọ́n jó o mọ́ bọ́ọ̀dù ni. Bó o ṣe rà á lo máa lò ó. ThinkPad T480 ní ojú ihò RAM méjì: o lè ra oní-8GB lónìí, kó o fi 8GB mìíràn kún un tówó bá dé. Ìdí nìyẹn tí mo fi fẹ́ràn rẹ̀ ju àwọn fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ lọ.

Èsì 3
Òótọ́ lẹ̀gbọ́n sọ, àmọ́ kó má ra oní-hard disk mọ́ láéláé. SSD (ibi ìpamọ́ tó yára ju hard disk lọ) ni o!

Èsì 4
Kó o tó sanwó, wọ inú BIOS (ojú ètò tí wọ́n máa ń ṣí kí Windows tó wọlé). Ọ̀pọ̀ tòkunbọ̀ ló jẹ́ pé iléeṣẹ́ tó kọ́kọ́ lò ó ti fi password tì í. Bí wọ́n bá ti pa virtualization (ohun tí emulator nílò kó tó lè yára) síbẹ̀, tó ò sì lè tàn án, emulator á máa wọ́ bí ìgbín. Lẹ́yìn náà, tẹ powercfg /batteryreport sínú Command Prompt Windows, kó o fi iye tí bátìrì ń gbà báyìí wé iye tó ń gbà nígbà tó ṣì wà ní tuntun. Bí kò bá tó ìlàjì, ní kí wọ́n pààrọ̀ rẹ̀. Pẹ̀lú bí iná ṣe ń ṣe wá, ọ̀rọ̀ bátìrì kì í ṣe kékeré.

Olùbéèrè
Ẹ ṣeun gan-an ni. Tówó mi bá mọ sí 8GB àti SSD ńkọ́?

Èsì 2
Fi emulator sílẹ̀ ná. Tẹ Build number lẹ́ẹ̀méje nínú Settings fóònù rẹ, Developer options á yọ. Tan USB debugging níbẹ̀, kó o so fóònù mọ́ láptọ́ọ̀pù. Orí fóònù ni áàpù á ti máa ṣiṣẹ́, RAM á sì gba Android Studio láyè. Okùn tó ń gbé dátà ni kó o lò o, kì í ṣe èyí tó ń ṣáájì nìkan.