Ṣé a lè gbára lé fídíò àwọn tí ń ta ọ̀bẹ?

Ìbéèrè: Ẹ̀yin olólùfẹ́ ọ̀bẹ, mo kí yín. Mo fẹ́ ra ọ̀bẹ ìdáná ilẹ̀ Jápáànì, mo sì ń wo fídíò tí àwọn ilé ìtajà bíi KnifeCenter ń gbé sí YouTube. Níwọ̀n bí ó ti jẹ́ pé ọjà wọn ni wọ́n ń polówó, kí ni kí n máa ṣọ́?

Èsì 1: Ẹ má wo bébà tí wọ́n ń gé, ọ̀bẹ tuntun wo ni kò ní gé bébà? Kárọ́ọ̀tì ńlá ni kí ẹ wò: bí ara ọ̀bẹ bá nípọn lókè ẹnu rẹ̀, kárọ́ọ̀tì yóò là pẹ̀lú ariwo kí ẹnu ọ̀bẹ tó dé ìsàlẹ̀, ì báà mú bí abẹ.

Èsì 2: Kì í ṣe ìpolówó nìkan ni wọ́n ń ṣe. Japanese Knife Imports ní Los Angeles ti gbé ọ̀pọ̀ fídíò jáde lọ́fẹ̀ẹ́ nípa bí a ṣe ń fi òkúta pọ́n ọ̀bẹ, ẹni tí kò sì ra nǹkan kan lè kọ́ bí a ti ń fi ìka wá irin tín-ín-rín tí ó máa ń yọ sí òdìkejì ẹnu ọ̀bẹ. Irú ọlọ́jà bẹ́ẹ̀ wù mí.

Olùbéèrè: Ẹ ṣeun. Ǹjẹ́ wọ́n máa ń sọ àléébù ọjà wọn?

Èsì 1: Àwọn kan ń sọ ọ́. Ẹni tí ó bá kìlọ̀ pé irin líle a máa tètè kán lẹ́nu bí ó bá kan egungun, ẹ fara balẹ̀ gbọ́ tirẹ̀.