Ìwé tó jẹ́ kí n gba nọ́ọ̀sì kékeré láàyè láti sọ̀rọ̀

Ẹ̀yin ẹlẹgbẹ́ mi, ẹni tó béèrè ìwé tó yẹ kí ọ̀gá nílé ìwòsàn kà, ìtàn ni màá fi dá a lóhùn. Bí kì í bá ṣe ohun tí ojú mi rí lóru ọjọ́ kan, bóyá mi ò ní ṣí ìwé kankan.

Nọ́ọ̀sì ni mí. Ọdún kejì tí wọ́n fi mí ṣe olórí tíátà, ìyẹn yàrá iṣẹ́ abẹ, ní ilé ìwòsàn kan nílùú Ìbàdàn níbí, wọ́n gbé aláboyún kan wọlé lóru, ọmọ ti dábùú. Dókítà ní ká múra kíá. Wọ́n là á, ọmọ jáde, ó ké. Àmọ́ ẹ̀jẹ̀ ìyá ò dá. Mo ní kí wọ́n gbé ẹ̀jẹ̀ wá. Ẹ̀jẹ̀ wo? Ẹni tó lọ gbà á ò tíì dé. Omi la ń fà sí i lára, tí ọkọ rẹ̀ ń lọ tó ń bọ̀ ní ọ̀dẹ̀dẹ̀, tí sálúbàtà rẹ̀ ń dún pá, pá, pá lórí símẹ́ńtì. Ìró yẹn ò tíì kúrò létí mi. Ọlọ́run ló yọ obìnrin náà.

Nígbà tílẹ̀ mọ́, mo bi nọ́ọ̀sì tó kéré jù nínú wa bóyá kò mọ̀ pé ẹ̀jẹ̀ ò tíì dé. Ó lóun mọ̀.

“Kí ló dé tí o ò sọ?”

Ó wolẹ̀. “Ẹ má bínú, mà. Ẹ ti sọ fún wa pé táwọn àgbà bá ń ṣiṣẹ́, kí ọmọdé má lanu.”

Èmi ni mo sọ bẹ́ẹ̀. Mo sọ ọ́ lọ́pọ̀ ìgbà, mo rò pé bí wọ́n ṣe ń darí èèyàn nìyẹn.

Dókítà àgbà kan tó ti fẹ̀yìn tì ló yá mi ní The Checklist Manifesto, tí Atul Gawande, dókítà oníṣẹ́ abẹ ní Amẹ́ríkà, kọ ní 2009. Inú mícrà tó ń bọ̀ láti Mọ́níyà ni mo ti ka púpọ̀ nínú rẹ̀. Ọ̀rọ̀ checklist iṣẹ́ abẹ, ìyẹn ìwé tí wọ́n to ohun tó yẹ kí wọ́n yẹ̀ wò sí, tí Àjọ Ìlera Àgbáyé gbé jáde ní 2008 wà níbẹ̀: ohun 19 láti yẹ̀ wò, ìdúró mẹ́ta, kí wọ́n tó kun aláìsàn lóorun, kí ọ̀bẹ tó kan ara, kí aláìsàn tó kúrò ní tíátà. Ìbéèrè kan wà nínú ìdúró àkọ́kọ́ tó mú mi pa ìwé dé, tí mo ń wo ojú fèrèsé: ṣé ẹ̀jẹ̀ tí aláìsàn yìí lè pàdánù lè ju 500 mililítà lọ, ṣé ẹ sì ti múra fún un? Ìbéèrè òru ọjọ́ yẹn gan-an!

Wọ́n dán an wò ní ìlú mẹ́jọ, Ifakara ní Tanzania wà lára wọn. Nínú ẹgbẹ̀rún aláìsàn, nǹkan bíi 15 ló ń kú tẹ́lẹ̀. Ó já sí 8. Ẹni tó bá rò pé ìwé òyìnbó ni, ti òyìnbó nìkan, kó wo Ifakara yẹn dáadáa.

Àmọ́ èyí tó dùn mọ́ mi jù ni pé kí ọ̀bẹ tó kan ara, kálukú á dá orúkọ rẹ̀ àti iṣẹ́ rẹ̀. Ọwọ́ ọmọdé ò tó pẹpẹ, t’àgbàlagbà ò wọ kèrègbè. Ẹni tó bá ti gbọ́ ohùn ara rẹ̀ nínú yàrá lẹ́ẹ̀kan, ó máa ń rọrùn fún un láti tún sọ̀rọ̀.

Ẹ fi To Err Is Human ti 1999, ìwé lórí àṣìṣe nínú ìtọ́jú aláìsàn, kún un. Kò dùn ún kà tó ti àkọ́kọ́, àmọ́ ó kọ́ mi pé kí n tó bi ẹnì kan pé “kí ló ṣe ọ́?”, kí n wo bí a ṣe to iṣẹ́ náà. Notes on Hospitals ti Florence Nightingale, nọ́ọ̀sì ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ayé àtijọ́, náà wà: ohun tó kọ́kọ́ ń bá a jà ni pé kí ilé ìwòsàn má pa aláìsàn lára.

Mo tẹ checklist náà ní Agbówó, mo lẹ̀ ẹ́ mọ́ ògiri níbi tí a ti ń fọwọ́. Àwọn dókítà kan pòṣé. Mo wá rí i pé nọ́ọ̀sì nìkan ò lè gbé e, mo bá mú ìwé náà lọ bá dókítà tó dàgbà jù láàárín wọn, mo bẹ̀ ẹ́ pé kó ka orí kan péré. Ọ̀sẹ̀ méjì lẹ́yìn náà, òun fúnra rẹ̀ ló kọ́kọ́ dá orúkọ ara rẹ̀ ní tíátà.

Oṣù mélòó kan lẹ́yìn náà, aláboyún míì dé. Ó kan nọ́ọ̀sì kékeré yẹn. Ó dá orúkọ, ó sì ní, “Dókítà, ẹ̀jẹ̀ ò tíì dé, sà.” Ohùn rẹ̀ ń gbọ̀n. Dókítà bi wá bí ọmọ inú ṣe ń ṣe sí, wọ́n ní ara rẹ̀ le. Ó gbé ọ̀bẹ padà sínú àwo. Gbogbo wa dúró, a ń wo ilẹ̀kùn, títí tí pọ́tà fi sáré wọlé pẹ̀lú kúlà ẹ̀jẹ̀ lọ́wọ́.